Géèmù Àtijọ́ Kan Tí Ó Padà Dé Bá Wa ní Ẹ̀gbẹ́dá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn díẹ̀. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà tí ó ń lọ sí Ìkòtún, yóò kọ́kọ́ dé Ẹ̀gbẹ́dá, yóò gba Ìdímù kọjá, kí ó tó dé oríta ńlá Ìkòtún tí ariwo ọkọ̀ kì í tán níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Láti ibẹ̀ ó lè yà sí ọ̀nà Ìgándò, níbi tí ààtàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Solous wà, tí wọ́n ti ń da pàǹtírí Èkó sí láti ọdún pípẹ́. Gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí, Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fárí gá, ó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tí a bá gbà nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí èrò pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti jáde. Níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ márùn-ún bá ń gbé inú yàrá kan, tí yàrá mẹ́wàá kọjú sí ara wọn nínú ilé kan, ọmọdé kò ní ibi tí yóò jókòó sí bí ó bá ti ilé ìwé dé. Ojúde ni yóò wà, tàbí kí ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígéèmù. Ọ̀rọ̀ géèmù gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ti máa mi orí, wọn yóò ní ṣé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ó kù tí a ó fi gba àkókò wọn. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Àwọn ọmọdé náà ti di bàbá àti ìyá báyìí, ohun tí wọ́n sì fi ìgbà èwe wọn ṣe ti di ìtàn.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 2024, géèmù kan tí ó ti wà láti ọdún 1996 padà dé sí ọjà ayé. Wọn kò kọ òmíràn ní orúkọ rẹ̀, òun náà gan-an ni wọ́n dì mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ti 1997 àti 1998, tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi aṣọ tuntun wọ̀ ọ́, tí wọ́n ní kí ó máa lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Tomb Raider. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ẹni tí ń fọ́ ibojì kó ohun inú rẹ̀. Ẹni tí ó sì ń fọ́ ibojì náà ni ọmọbìnrin ọlọ́lá ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lara Croft, tí irun rẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn, tí ìbọn kékeré méjì wà ní itan rẹ̀. Ó ń wá ẹ̀yà mẹ́ta ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan kiri: ó wọ ihò òkúta ní Pérù, ó dé ilẹ̀ Gíríìsì, ó dé Íjíbítì, kí ó tó wá dé ìlú Atlantis tí ìtàn àwọn òyìnbó ní ó rì sínú òkun.

Èmi kò lè pe orúkọ géèmù yìí mọ́ kí ọkàn mi má lọ sí ibòmíràn. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìlú Bìní, tí wọ́n kó ère idẹ ààfin lọ. Ní 1938 ni wọ́n wú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1939. Àwa ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá jókòó, a ń fi ìka wa ran ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ láti kó ohun ìní àwọn baba ẹlòmíràn, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó di ìgbà tí mo dàgbà kí n tó rí ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Netherlands dá ère Bìní 119 padà fún Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 2025, Lara ni mo kọ́kọ́ rántí, mo sì rẹ́rìn-ín nìkan mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀. Ìlú Derby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe géèmù yìí, ní ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Core Design. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Toby Gard, ni ó ya Lara. Àwọn tí ó jọ ṣe ti àkọ́kọ́ kò pọ̀, ènìyàn bíi mẹ́fà ni wọ́n. Ohun tí ó mú kí ayé yẹ̀ wọ́n sí ni pé ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ géèmù jẹ́ ti kí a máa sáré láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni tí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Lara lè yí ẹ̀yìn padà. Ó lè gun òkè, ó lè wọ inú omi lọ sísàlẹ̀, ó lè dúró ní ẹnu ọ̀gbun kí ó wo ìsàlẹ̀ kí ẹ̀rù sì ba ẹni tí ń wò ó lórí àga.

Kí èyí lè yé yín, ẹ ní láti mọ ohun tí a ní tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé àwọn olówó díẹ̀ ní àdúgbò wa ni èyí tí wọ́n ń pè ní Terminator, àfarawé ẹ̀rọ Nintendo ti àwọn ará Japan, tí wọ́n ń ki kátíríìjì bọ̀ ní orí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó yọ kátíríìjì náà, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, a ó tún un kì bọ̀ ọ́. Contra wà níbẹ̀, Super Mario wà níbẹ̀, Adventure Island sì wà níbẹ̀, níbi tí ọmọkùnrin kan ti ń sáré nínú igbó tí ń wá èso jẹ. Eré tí ó dùn ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń dúró ronú nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni PlayStation dé. Àwọn ará Japan mú un jáde ní oṣù kejìlá 1994. Ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá, èyí tí wọ́n ti lò rí ní òkè òkun ti ń wọlé sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ máa ń tú ikùn ẹ̀rọ náà, wọn a jó ohun kékeré kan mọ́ ọn nínú, kí ó lè máa gba dísìkì tí kì í ṣe ojúlówó. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí tán, dísìkì tí wọ́n ń ta gọbọi ní Lọ́ńdọ̀nù di ohun tí ènìyàn ń rà nínú ọ̀rá ní iye tí kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan. Èmi kò sọ pé ó dára. Mo ń sọ bí ó ti rí ni. Àwọn ará Derby ń ka iye tí wọ́n tà, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn kéde rẹ̀ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, kò sì sí ẹyọ ọ̀kan nínú wa tí ó wà nínú iye náà. Ìkànìyàn tí ó fo àwa ará Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ti ìjọba nìkan.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní àdúgbò tí mo dàgbà sí. Yàrá kan ṣoṣo ni, ojú fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n fi páálí dí kí oòrùn má baà bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, ẹ̀rọ mẹ́ta, páàdì márùn-ún, nítorí ọ̀kan ti bàjẹ́ láti ìgbà tí mo ti mọ ibẹ̀. Ẹni tí ó ni ín kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Onígéèmù ni gbogbo wa ń pè é, bí ẹnikẹ́ni bá sì pè é ní orúkọ rẹ̀ láìfi ẹ̀gbọ́n sí i, yóò rí ẹnu ọ̀nà. Náírà 10 ni a ń san fún ogún ìṣẹ́jú. Aago kan tí ń ké bí àkùkọ wà lórí pẹpẹ, bí ó bá ti ké, kí olúwarẹ̀ gbé páàdì sílẹ̀.

Kò sí ọmọ kan nínú wa tí owó rẹ̀ tó láti fi ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú la gbogbo Pérù já. Nítorí náà ni a ṣe ń dá owó jọ. Ọmọ mẹ́fà á dá Náírà 10 sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì nìyẹn. Ẹni tí ìka rẹ̀ yá jù lọ ni yóò di páàdì mú, àwa márùn-ún yòókù ni yóò máa darí rẹ̀: yà sọ́tùn-ún, wo òkè, má fò, fò! Ìbá dára kí àwọn tí ń kọ̀wé lórí géèmù ní òkè òkun mọ èyí. Wọ́n a máa sọ pé eré ẹni tí ó dá wà ní yàrá rẹ̀ ni Tomb Raider, pé ìdáwà náà ni ó mú ẹ̀rù wá. Ní ti wa, kò sẹ́ni tí ó dá wà. Ní ọjọ́ tí ẹranko ńlá ayé àtijọ́ ti jáde láti inú òkùnkùn ní àfonífojì tí ó wà ní ìpele kẹta, ariwo tí a pa mú kí ìyá oníkókó ìta sáré wọlé pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, ó rò pé iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì gbé ẹnì kan.

Ní àfonífojì yẹn náà ni a ti kọ́ pé géèmù lè jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ. Kẹ̀kẹ́ irin eléyín mẹ́ta ni a ní láti wá, kí a kó wọn dé ibi ẹ̀rọ kan lókè, kí a to wọ́n mọ́ ọn, kí a fa irin, kí odò sì yà kúrò ní ipa rẹ̀ kí ọ̀nà lè ṣí. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá kẹ̀kẹ́ kẹta. Ẹ̀gbọ́n Onígéèmù ti mọ ibẹ̀, kò sọ fún wa. Ó ní ìwé ìkọ̀wé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pupa, ó ti ya àwòrán gbogbo ihò náà sínú rẹ̀, yàrá sí yàrá, ó fi ìlà tọ́ka sí ibi tí ìkookò wà àti ibi tí oògùn wà. Bí a bá há sí ibì kan títí tí a fẹ́ sunkún, yóò ṣí ìwé náà, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ewé rẹ̀ kan, yóò fi ewé kejì hàn wá.

Ohun méjì ni ó ń bá wa jà níbẹ̀ tí kò sí nínú ohun tí àwọn ará Derby pète. Ekíní ni ọ̀rọ̀ fífi eré pamọ́. Nínú ti àkọ́kọ́ tí ó wà lórí PlayStation, ènìyàn kò lè fi ibi tí ó bá iṣẹ́ dé pamọ́ bí ó ṣe wù ú. Ó di ìgbà tí ó bá kan òkúta kan tí ń tàn yanran tí ó sì ń yí lójú kan, kí ó fọwọ́ kàn án, ìgbà kan péré ni òkúta kọ̀ọ̀kan sì wúlò. Àárín òkúta kan sí òmíràn lè tó wákàtí kan. Ẹ wá gbé èyí sí ilẹ̀ tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń lọ láìdágbére. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí ó ti la ìpele kan já tán, tí ó ń rí òkúta náà lókèèrè, tí ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, tí ojú tẹlifíṣọ̀n sì di dúdú. Kò sọ ohunkóhun. Ó gbé páàdì lélẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń tẹ́ òkú, ó jáde.

Nítorí èyí ni ẹ̀gbọ́n ṣe ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí sì ni ohun kejì. Ẹnu ọ̀nà ni jẹnẹrétọ̀ náà ń jókòó sí, ariwo rẹ̀ sì bo gbogbo ohùn tí ó wà nínú géèmù. Mo dàgbà pẹ̀lú èrò pé Tomb Raider kò ní orin. Ó di 2024 kí n tó gbọ́ ohun tí Nathan McCree kọ fún un, ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í sábà wá, tí ó ń mú kí ihò òkúta náà dà bí ilé ìjọsìn tí èrò ti jáde tán. Mo gbọ́ omi tí ń kán. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Lara lórí òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti mọ ihò náà bí mo ṣe mọ ilé wa, n kò sì gbọ́ ohùn inú rẹ̀ rí.

Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe yí padà kò gùn láti sọ. Géèmù bọ́ọ̀lù ni ó lé Lara jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò: ẹni tí ń ṣe Tomb Raider yóò gba tẹlifíṣọ̀n kan fún wákàtí méjì, yóò máa ronú, àwọn méjì tí ń gbá bọ́ọ̀lù yóò parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tí ó pàdánù yóò san, inú yóò bí i, yóò ní kí wọ́n tún un gbá. Winning Eleven dé, àwọn èrò tò dé ìta, gbogbo tẹlifíṣọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di pápá ìṣeré. Títí di òní, bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Ìkòtún tàbí Ìgándò, bọ́ọ̀lù ni ẹ ó bá níbẹ̀. N kò rò pé àwọn ọmọ wa kò fẹ́ ìrìn àjò àti àwámárìídìí. Owó ni kò fẹ́ ẹ.

Ní òkè òkun pẹ̀lú, nǹkan kò fara rọ fún Lara. Ní 2003, ìkẹfà nínú géèmù rẹ̀ jáde láìjinná dáadáa, wọ́n sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn tí ó bí i, wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ Crystal Dynamics ní Kalifọ́níà. Ní 2007, àwọn wọ̀nyí tún ti àkọ́kọ́ kọ́ pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, títún kọ́ àti títún kùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Alímọ̀ṣọ́ mọ ilé tí wọ́n wó tí wọ́n kọ́ alájà mẹ́ta sí ojú ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń pe orúkọ kan náà mọ́ ọn. Ti 2007 rí bẹ́ẹ̀. Core Design fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 2010. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará Derby dìbò lórí orúkọ tí wọn yóò sọ títì tuntun kan ní ìlú wọn, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Lara Croft Way. Ilé iṣẹ́ kú, títì kù.

Ta ni ó wá pa ti àtijọ́ mọ́? Àwọn tí ń fi ṣeré ni. Ọ̀kan nínú wọn, ará Rọ́ṣíà, Timur Gagiev, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rọ tuntun tí yóò lè ka dísìkì àtijọ́ náà, ó pè é ní OpenLara, ó sì mú kí ó ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi nǹkan, títí dé orí Game Boy Advance kékeré tí ọmọdé ń kì sápò. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ó ni géèmù náà fẹ́ mú un padà, tí ilé iṣẹ́ Aspyr ti Texas sì gba iṣẹ́ náà, òun ni wọ́n wá pè kí ó wá ṣe olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn náà ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ṣe rèé. Wọ́n kun ògiri, wọ́n tan iná sí i, wọ́n tún ojú àti irun Lara ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò wó ògiri kankan. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ tuntun yóò ká kúrò lójú kan náà, ẹ ó sì rí ti 1996 lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo igun rẹ̀ mímú, bí ẹ bá tún un tẹ̀, tuntun yóò padà. Wọ́n fi ọ̀nà ìrìn àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, wọ́n fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìpele kan tí ó wà fún kọ̀ǹpútà nìkan tẹ́lẹ̀, tí àwa onípáàdì kò rí rí, wọ́n fi wọ́n kún un. Nínú ìkẹta, níbi tí wọ́n ti ya àwọn ará erékùṣù òkun Pàsífíìkì bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó yọ síni láti inú igbó lọ, wọn kò yọ ọ́ kúrò. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí iwájú pé ẹ̀tanú ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀, pé ó ń pani lára gidigidi, kò sì ní àwíjàre. Àwọn kan bínú sí ìkìlọ̀ náà. Èmi ní tèmi rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe sí ohun àtijọ́: kí a má parọ́ pé kò rí bí ó ti rí, kí a má sì dákẹ́ lórí rẹ̀.

Dọ́là 29.99 ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ní oṣù kejì 2024 náà, dọ́là kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Náírà 1,500, owó géèmù yìí sì jẹ́ nǹkan bíi Náírà 45,000. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin gbà fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà jẹ́ Náírà 30,000. Ohun tí ọmọ mẹ́fà ń dá Náírà 10 sí padà dé, òṣìṣẹ́ kan kò sì lè fi owó oṣù kan rà á.

Ọ̀rọ̀ pípa nǹkan mọ́ yìí kì í jẹ́ kí n sùn. Ìbàdàn wa ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sì fi hàn wá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni kò sí mọ́, nítorí téèpù wọ́n, wọ́n a sì máa gba òmíràn lé orí ti tẹ́lẹ̀. Fíìmù Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, a ti rò pé ó sọnù. Inú àká fíìmù ìjọba ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti rí i, wọ́n tún un ṣe ní Berlin, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù ibẹ̀ ní 2018. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé Jámánì ni ó tún fíìmù Hausa ṣe fún wa. Ní ti géèmù, Hugo Obi dá Maliyo sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, wọ́n sì ṣe àwọn géèmù kéékèèké fún orí íntánẹ́ẹ̀tì, Okada Ride àti Mosquito Smasher, níbi tí ọlọ́kadà ti ń sáré láàárín ọkọ̀ àti níbi tí a ti ń pa ẹ̀fọn. Ìgbésí ayé wa gan-an ni. Ọ̀pọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà ni wọ́n fi Flash ṣe, ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn 2020 ni Adobe sì pa Flash, tí àìmọye géèmù káàkiri ayé kò lè ṣí mọ́ àfi èyí tí ẹnì kan bá jókòó tì. Ta ni Timur Gagiev ti ẹ̀fọn Èkó?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó wà ní òkè òkun ni ó fi géèmù náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mi. Ní ọjọ́ tí mo ṣí i, àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jókòó tì mí. Ó rí bọ́tìnì náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó rí Lara ti 1996, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, ṣé èyí ni ẹ ń torí rẹ̀ pariwo?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tí a dé inú àfonífojì, tí ẹranko ńlá nì jáde, ti àtijọ́ ni ó wà lójú kọ̀ǹpútà, òun náà sì pariwo.

Èyí ni ó mú kí n wá Ẹ̀gbọ́n Onígéèmù lọ. Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ́dá ti di ibi tí wọ́n ń ta ìlẹ̀kùn. Mo bèèrè títí, mo bá a ní Ìkòtún, ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, níbi tí ó ti ń tún fóònù ṣe, irun rẹ̀ ti funfun. Ìwé pupa ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní nígbà tí òun ń kó kúrò, inú àpò kan ni òun kó gbogbo rẹ̀ sí, ìwé, dísìkì, páàdì, àwọn ẹ̀rọ tí ó ti kú, ó sì gbé àpò náà fún àwọn tí ń kó pàǹtírí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Solous ni wọ́n dà á sí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ aṣọ tí ó gbó. Èmi ni ọkàn mi bàjẹ́, nítorí bọ́tìnì tí a lè tẹ̀ kí yàrá náà padà kò sí, pẹ̀lú páálí ojú fèrèsé rẹ̀ àti aago tí ń ké bí àkùkọ. Ìwé yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí a ní.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì rẹ̀, láàárín àwọn fóònù tí ó ti tú. Ó wo Lara fún ìgbà díẹ̀, ó ní ojú rẹ̀ ti dára sí i. Lẹ́yìn náà ó gba páàdì, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni pé àná ni. Kò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pa ìkookò, ó gun òkè, ó fò, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ti wá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́n ti ń sọ fún un pé kí ó yà sọ́tùn-ún. Ó ṣe díẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó wo gílóòbù tí ó wà lórí òrùlé, ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Òkúta yẹn dà? Kí n tètè dé ibẹ̀ kí wọ́n tó mú iná lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí òkúta mọ́. Ibi tí ó bá wù yín ni ẹ lè fi í pamọ́ sí báyìí."

Ó gbé páàdì lé itan. Ó wò mí títí, bí ẹni pé èmi ni mo rẹ́ ẹ jẹ.

Ó ní, "Gbogbo epo tí mo rà nígbà náà ńkọ́?"